Ta Ló Ní BLO Ò Bímọ?

Ní ọjọ́ Sátidé kan, a lọ síbi ìkómọ ní Òtu. Láti àárọ̀ ni DJ ti ń fi orin àwọn ọmọ ìsinsìnyí sí i. Àwọn ọ̀dọ́ ń jó, àwọn àgbà jókòó sábẹ́ kánópì, wọ́n ń jẹ àmàlà wọn jẹ́jẹ́, wọn ò dá sí ẹnikẹ́ni. Nígbà tó tó nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, DJ yẹn yí ọwọ́ padà, ó fi orin Shina Peters sí i, láti inú àwo Ace. Ẹ wá wo ìran! Ìyá àgbà kan tó ti ń ráhùn orúnkún láti ìgbà tí a ti dé ló kọ́kọ́ dìde. Bàbá tó jókòó tì í ká agbádá lé èjìká, ó tẹ̀ lé e. Kí á tó ṣẹ́jú, àwa ọ̀dọ́ la wá di òǹwòran.

A bi méjì mẹ́ta nínú àwọn àgbà tó wà nítòsí pé ta ló ṣe orin yìí. Wọ́n wò wá bí ẹni pé orí wa ò pé. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ò mọ Ṣínà ni?"

A mọ Ṣínà, sà. Ohùn rẹ̀ nìyẹn, gìtá rẹ̀ nìyẹn, ijó rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n orúkọ mìíràn wà lára àwo yẹn tí ẹnikẹ́ni kì í pè níbi ìnáwó: Laolu Akins. Òun ló darí bí wọ́n ṣe gba orin náà sílẹ̀, òun ni púródúsà. Ní 1989 tí Ace jáde, ọkùnrin yìí kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ṣáájú, ní 1973, òun ló jókòó sídìí dírọ́ọ̀mù nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta kan l'Ékòó tí ariwo gìtá wọn lè mú ògiri gbọ̀n. BLO lorúkọ ẹgbẹ́ náà.

Láyé ìsinsìnyí, ẹni tó bá gbọ́ nǹkan kan rárá nípa BLO, ohun tó máa ń gbọ́ ni pé àwọn ọmọ Èkó kan wà nígbà kan tó fẹ́ dà bí òyìnbó, wọ́n lu rọ́ọ̀kì fúngbà díẹ̀, ó sú wọn, wọ́n túká, wọn ò sì bí ọmọ kankan sílẹ̀ nínú orin Yorùbá. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀. A ti gbọ́ àwọn àwo wọn ní àgbọ́túngbọ́, pẹ̀lú dátà tí a fi owó ara wa rà, ohun tí etí wa sì gbọ́ yàtọ̀ sí ìtàn yẹn. Kì í ṣe pé a fẹ́ sọ wọ́n di òrìṣà o. Àwọn àwo kan wà nínú tiwọn tó jẹ́ pé àfi tí ẹ bá sanwó fún wa la fi máa gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ọdún 1970 tó dé, ẹgbẹ́ kan wà l'Ékòó tí wọ́n ń pè ní The Clusters. Irú orin tí Beatles ń kọ ni àwọn náà ń kọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n kọ débi pé àwọn èèyàn sọ wọ́n ní Beatles ti Nàìjíríà. Laolu Akintobi, tó gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí Akins, ló ń lu ìlù níbẹ̀. Berkley Jones, tí wọ́n tún ń pè ní Ike, ló ń ta gìtá. Ìgbà yẹn náà ni Geraldo Pino gbé orin sóòlù irú ti James Brown wá láti Sierra Leone, tó sì da orí gbogbo olórin Èkó rú, títí kan Fela fúnra rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1970, kò wu àwọn méjèèjì láti máa jẹ́ Beatles ẹlòmíràn mọ́. Wọ́n pàdé Mike Gbenga Odumosu tó ń ta gìtá béèsì, wọ́n sì dá Afro-Collection sílẹ̀, pé àwọn fẹ́ wá ohùn ilẹ̀ wa nínú orin tuntun yìí.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí òyìnbó onílù kan fi dé. Ginger Baker, ará England, tó ti lu ìlù nínú ẹgbẹ́ Cream, wa ọkọ̀ Range Rover la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá ní 1971 títí ó fi dé Èkó, torí pé ó fẹ́ gbọ́ ìlù níbi tí wọ́n ti bí ìlù. Ó bá Fela ṣeré, ó kọ́ sitúdíò, ó sì kó àwọn ọmọ yìí mọ́ra, pẹ̀lú àwọn ìbejì Lijadu, Taiwo àti Kehinde, ó pe ẹgbẹ́ náà ní Salt. Ní 1972, wọ́n gbé e lọ sí Jámánì, ní Munich, lásìkò ìdíje Òlíńpíìkì. Salt ò pẹ́ kó tó yòrò. (Iyọ̀ náà kọ́ ni? Ẹ má bínú.)

Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbẹ̀. Kì í ṣe àwọn ọmọ tó ń yọjú wo òyìnbó láti ojú fèrèsé la ń sọ̀rọ̀ wọn yìí. Òyìnbó ló la aṣálẹ̀ kọjá wá bá wọn nílé.

Nígbà tí Salt tú, àwọn mẹ́ta dá dúró. B ti Berkley, L ti Laolu, O ti Odumosu. Ní 1973, EMI Nàìjíríà gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde, Chapter One. Ọdún yẹn kan náà ni Paul McCartney kó ẹgbẹ́ rẹ̀, Wings, wá sí Èkó láti wá gba àwo Band on the Run sílẹ̀ ní sitúdíò EMI ní Àpápá, tí Fela sì fẹ̀sùn kàn án pé orin aláwọ̀ dúdú ló wá jí. Gbogbo ayé ló mọ ìtàn yẹn. Èyí tí àwọn ọmọ onílé ṣe lọ́dún kan náà, ẹni mélòó ló mọ̀ ọ́n?

Àwa kọ́kọ́ gbọ́ Chapter One lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí iná, lórí fóònù kan tí bátìrì rẹ̀ kù díẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ gbà wá lọ́kàn kì í ṣe ariwo rẹ̀. Àyè tó wà láàárín ariwo náà ni. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta, kò sí ẹni tó lè sá pamọ́ sẹ́yìn ẹnì kejì. Nínú Cream ti Ginger Baker, tí BLO kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ìyàwó mẹ́ta bá ń jà lágboolé kan. BLO ò ṣe bẹ́ẹ̀. Odumosu á mú ọ̀rọ̀ kékeré kan, á máa wí i léraléra, kò ní í yí i padà, kò ní í sáré. Orí ohun tó tẹ́ sílẹ̀ yẹn ni Berkley á wá gùn, tí á máa sọ tẹnu rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró ti àwọn onílù dùndún rí mọ ohun tí à ń sọ. Omele kì í pa ọ̀rọ̀ dà, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Bí omele bá sọ pé òun náà fẹ́ máa ki oríkì, ijó ti bàjẹ́ nìyẹn. BLO gbé gìtá béèsì sípò omele, wọ́n gbé gìtá sípò ìyáàlù. A ò mọ̀ bóyá wọ́n jókòó rò ó bẹ́ẹ̀. Etí tí wọ́n fi tọ́ wọn dàgbà ló ṣe é.

Ẹ gbọ́ "Chant to Mother Earth" dáadáa. Orin yẹn ò kánjú lọ síbì kankan. Ohùn àwọn èèyàn ń bọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń sun nǹkan lójú oórì, gìtá ń rìn yí wọn ká. Kò sí ẹni tó lè sọ fún wa pé ará London ló lè ṣe ìyẹn.

Tí ẹ bá sì ní ariwo náà ló pọ̀ jù, pé ohùn gìtá tó ń há, tó ń ya gbàragbàra, kì í ṣe ohùn tiwa, a ó bi yín ní ìbéèrè kan. Kí ni ṣaworo ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyáàlù? Ìlù yẹn ní ohùn tó mọ́ gaara kí wọ́n tó so ṣaworo mọ́ ọn. Wọ́n so ó mọ́ ọn kí ohùn náà má baà mọ́ jù ni. Wọ́n fẹ́ kó máa ró ṣinrinṣinrin, kó ní irun lára. Ẹni tó bá sì sọ pé Yorùbá ò fẹ́ ariwo, kó wá sí Òkè-Ògùn nígbà ọdún Egúngún, kó dúró sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí àwọn onílù bàtá, kó wá tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún wa, tí etí rẹ̀ bá ṣì ń gbọ́. Àpótí kékeré tí Berkley ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tó ń mú kí gìtá máa kẹ̀, ṣaworo tó ń jẹ iná ni.

Ó yẹ ká sọ ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ò wúwo tó ìlù wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù níbẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì náà sọ ò ju kí á gbádùn, kí á fẹ́ràn ara wa, kí á ṣe pátì lọ. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní 1970, sójà ló ń ṣèjọba, owó epo ń wọlé wìtìwìtì, Èkó ń gbòòrò bí ìyẹ̀fun tó ń wú. Fela ti bọ́ sórí pidgin, ó ń pe nǹkan lórúkọ. Ẹgbẹ́ MonoMono ti Joni Haastrup ti fi agbe sí àkọlé àwo wọn ní 1972, Give the Beggar a Chance. Nígbà tó fi máa di 1976, àwọn ìbejì Lijadu tó ti jẹ́ ará ilé kan náà pẹ̀lú BLO gbé Danger jáde, orin tí ijó àti ìkìlọ̀ jọ wà nínú rẹ̀. BLO ò rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ. Wọ́n ní orin tí wọ́n pè ní "Atide". Nígbà tí a rí àkọlé yẹn inú wa dùn, a ní ẹ̀hẹ́n, wọ́n ti dé nìyẹn. Ó dùn wá pé wọn ò dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sí i.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1973 kan náà yẹn, ní ìlú Sydney ní Ọsirélíà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan dá ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tiwọn sílẹ̀. Malcolm àti Angus Young lorúkọ wọn, AC/DC lorúkọ ẹgbẹ́ náà. Ilẹ̀ Scotland ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì, àwọn òbí wọn ló kó wọn lọ sí Ọsirélíà. Orin tí wọ́n sì ń lù, ọwọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, Chuck Berry àti àwọn oníblúùsì, àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti apá ibí yìí. Ẹ ro ó wò: ọmọ Scotland, nínú ìlú Ọsirélíà, ń lu orin ọmọ Áfíríkà tó wà l'Ámẹ́ríkà. Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé ṣé orin ilẹ̀ wa lèyí. Wọ́n ní kí wọ́n máa lù ú lọ ni. Ní 2004, ìlú Melbourne yọ orúkọ àtijọ́ kúrò lára àdúgbò tóóró kan, wọ́n sọ ọ́ ní ACDC Lane. Báàdì ilẹ̀ tuntun ni o, orúkọ àwọn onígìtá ló wà lára rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tó mú orin kan náà, tí ẹ̀jẹ̀ tó bí orin náà wà lára rẹ̀, òun la wá pè ní aláfarawé.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà nìkan ló fà á tí àwọn yẹn fi pẹ́, a mọ̀. Wọ́n ní ilé ọtí káàkiri ìlú tí ẹgbẹ́ tuntun lè máa ṣeré lóròòru, iná ń tàn. L'Ékòó, irinṣẹ́ wọ́n bí ojú. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin nígbà yẹn, ẹni tó ni ampilifáyà àti dírọ́ọ̀mù ló ni wọ́n, bí wọ́n bá sì jà, irinṣẹ́ á tẹ̀ lé olówó lọ, ẹgbẹ́ á sì kú. Pé BLO fi ọdún mẹ́wàá wà láyé nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àwo mẹ́fà, kì í ṣe nǹkan kékeré.

Àwọn àgbà tó ń sọ fún wa pé jùjú ni tiwa, gìtá ariwo ni ti òyìnbó, àwa náà máa ń fẹ́ bi wọ́n, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀, pé ìgbà wo ni jùjú gan-an di tiwa? Ayinde Bakare ló gbé gìtá oníná wọ inú jùjú ní 1949. Kí ó tó dìgbà náà, gìtá lásán ni wọ́n ń ta, òun náà sì wọ ọkọ̀ ojú omi wá ni. I.K. Dairo fi akọ́díọ̀nì sí i, ohun èlò òyìnbó pátápátá. King Sunny Adé ní gìtá Hawaii, èyí tí wọ́n ń tẹ́ kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ tí wọ́n ń fi irin fà. Hawaii! Erékùṣù tó wà láàárín òkun, kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà ibẹ̀ ní Òtu. Ṣùgbọ́n tí gìtá yẹn bá dún lónìí, owó ni àwọn àgbà ń nà. Gbogbo nǹkan tí a ń pè ní tiwa yìí, ẹnì kan ló kọ́kọ́ gbé e wọlé, tí wọ́n sì bú u.

Ní 1975, BLO kúrò ní EMI, wọ́n bọ́ sọ́dọ̀ Afrodisia tó jẹ́ ti Decca. Phase II jáde, Step Three tẹ̀ lé e lọ́dún kan náà. Àwa fẹ́ràn Phase II. Ariwo ti lọ sílẹ̀, sóòlù ti wọlé, ohùn wọn rọ̀ sí i, ó sì ṣì jẹ́ orin àwọn tó ń fetí sí ara wọn. Kò pẹ́ sí àkókò yẹn ni Odumosu bá tiẹ̀ lọ, ó lọ dara pọ̀ mọ́ Osibisa, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Gánà tó wà ní London. Biddy Wright, ọ̀gá nídìí iṣẹ́, ló bọ́ sípò rẹ̀. Wọn ò yí orúkọ ẹgbẹ́ padà. O lọ, BLO kù.

Láti ibẹ̀ lọ, tá a bá ní ká má purọ́, wọ́n dà bí ẹni tó ń sáré lé mọ́tò tó ti gbéra. Fọ́ńkì dé, wọ́n bọ́ sórí fọ́ńkì. Dísíkò dé, wọ́n bọ́ sórí dísíkò. Bí wọ́n bá ti dé ibi ìdúró kan, mọ́tò ti lọ. Phase IV ní ibi tó dùn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi máa dé Bulky Backside, orúkọ àwo yẹn nìkan ti tó kí ìyá wa gba fóònù lọ́wọ́ wa. Gìtá tó ń sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù ti di ohun tó ń ki ẹsẹ̀ fún ijó. Kì í ṣe orin burúkú. Orin tí ẹgbẹ́ mìíràn náà lè ṣe ni, ìyẹn ló dùn wá jù.

Ọ̀kan nínú wa ní kí a má dá wọn lẹ́jọ́ tó bẹ́ẹ̀, pé ẹni tí ebi ń pa kì í bá ọbẹ̀ jà. Àwa méjì tó kù ò gbà pẹ̀lú rẹ̀. A jọ jà á débi pé àmàlà tutù. Ibi tí a parí rẹ̀ sí ni pé òótọ́ ni pé ọjà ló tì wọ́n, ṣùgbọ́n etí wa ò lè gbọ́ ìdí tí ẹnì kan fi ṣe orin, orin tó ṣe nìkan ni etí ń gbọ́.

Àwo wọn tó kẹ́yìn, Back in Time, jáde ní 1982. Ẹ wá wo eré tí ayé ń ṣe. Ọdún 1982 yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ Island ní London gbé Juju Music ti King Sunny Adé jáde fún gbogbo àgbáyé. Òyìnbó ti rọ́ọ̀kì sú wá ohun tuntun wá sílẹ̀ wa, ohun tó sì gbé lọ ni jùjú, torí pé ìyẹn ni kò jọ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ti fi ọdún mẹ́wàá kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá òyìnbó sọ̀rọ̀ lédè òyìnbó, wọn ò wò wọ́n. A ò bínú sí Sunny Adé o, ta ló lè bínú sí Sunny Adé? Ṣùgbọ́n ọ̀ràn BLO wá dà bí ti àdán nígbà yẹn: nílé, wọ́n ní òyìnbó ni wọ́n, l'óyìnbó, wọ́n ní Yorùbá wọn ò tó.

Ibẹ̀ ni àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń pa ìwé dé. Ibẹ̀ gan-an ló sì dùn jù lójú tiwa.

Laolu Akins ò padà sílé lọ jókòó. Ó bọ́ sẹ́yìn gíláàsì sitúdíò, ó ń bá àwọn ẹlòmíràn ṣe orin. Ní 1989, Shina Peters wá bá a ṣe Ace. Shina ti ta gìtá lọ́mọdé lọ́dọ̀ Prince Adekunle, òun àti Segun Adewale ti jọ ṣe ẹgbẹ́ Shina Adewale, wọ́n sì ti tú. Ó ní orúkọ, ṣùgbọ́n Obey àti Sunny Adé jókòó sórí ìtẹ́, kò sí ẹni tó rí i. Ace dé, ìlú gbaná. Wọ́n ní Afro-Jùjú lorúkọ ohun tí wọ́n ṣe.

A fi ọjọ́ mẹ́ta gbọ́ Ace bí ẹni tó ń ka ìwé ìdánwò. Ohun tí a gbọ́ rèé. Jùjú ṣáájú rẹ̀ máa ń rìn bí ọlọ́lá tó ń wọ agbo, ó mọ̀ pé wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ kí òun tó dé. Ace ò rìn. Láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń sáré, dírọ́ọ̀mù sì wà níwájú, ó le, ó gbẹ, kò sá sẹ́yìn fún gángan, àwọn méjèèjì jọ ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara wọn ni. Nígbà tó bá sì tó àkókò, gbogbo nǹkan á dákẹ́ lójijì, àyè á ṣí, ohùn kan ṣoṣo á dá sọ̀rọ̀, kí ìyókù tó tún já lé e lórí. Àyè yẹn! A ti gbọ́ ọ rí. Inú Chapter One la ti gbọ́ ọ. Ẹni tó ti jókòó sídìí dírọ́ọ̀mù nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta, tó mọ̀ pé bí òun bá kún gbogbo ibi, kò ní í sí àyè fún ẹlòmíràn, òun ló lè kọ́ ogún èèyàn bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ papọ̀.

A ò ní í sọ pé Laolu ló dá Ace ṣe. Ìwà ọmọ ìgboro tó wà lára Shina, ẹnikẹ́ni ò lè fi púródúsà rà á. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tún sọ fún wa pé rọ́ọ̀kì Èkó kú láìbímọ. Ọmọ náà ló mú ìyá àgbà dìde ní Òtu níjọsí.

Ní 2001, ilé iṣẹ́ Strut ní London ṣa orin BLO jọ, wọ́n pè é ní Phases 1972–1982. Láti ìgbà náà ni àwọn òyìnbó tó ń kó rẹ́kọ́ọ̀dù jọ ti ń wá àwọn àwo àkọ́kọ́ yẹn bí ẹni ń wá wúrà. Inú wa dùn sí i, torí pé láìsí wọn, bóyá a ò ní í rí nǹkan gbọ́ lórí fóònù. Ó tún ń ta wá lára. Bàbá ọ̀kan nínú wa ní páálí rẹ́kọ́ọ̀dù kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: Haruna Ishola wà níbẹ̀, Obey wà níbẹ̀, Odolaye Aremu wà níbẹ̀, eruku wà níbẹ̀. BLO ò sí.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń jó wa lára rèé. Ọ̀kan nínú wa ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi ọdún kan tọ́jú owó, ó ra àpótí àfẹsẹ̀tẹ̀ tòkunbọ̀ kan ní Ìbàdàn, irú èyí tó ń mú gìtá kẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ ìfidánrawò, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Olórí akọrin ní kí gbogbo wọn dúró. Ó ní, "Arákùnrin, kí lèyí? Ohùn ayé nìyẹn. Kì í tún ṣe ohùn ilẹ̀ wa." Ọmọ náà ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, sà, ó yọ wáyà rẹ̀. Àpótí yẹn wà nínú báàgì rẹ̀ di bí a ṣe ń kọ èyí. Bó ṣe sọ ọ́ fún wa, kò bínú sí pé wọ́n ní ohùn ayé ni. Ọ̀rọ̀ kejì yẹn ló wọ̀ ọ́ lára.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a gbé sípíkà kékeré lọ bá bàbá onípáálí yẹn lábẹ́ igi máńgòrò. A ò sọ nǹkan kan fún wọn. A fi Ace sí i, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń mi orí. A yọ ọ́, a fi "Preacherman" sí i. Bàbá kọ́kọ́ fajú ro. Wọ́n ní kí ni gbogbo gbàrà-gbàrà yìí. Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́, ẹsẹ̀ wọn òsì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú gìtá, pẹ̀lú dírọ́ọ̀mù ni.

Wọ́n ní, "Ẹni tó ń lu ìlù yìí, ṣé kì í ṣe òun náà ló lu ti àárọ̀ yẹn?"

A sọ fún wọn pé kì í ṣe òun ló lù ú, ṣùgbọ́n òun ló dúró ti àwọn tó lù ú. Wọ́n ní kí a tún fi sí i. Ibi tí a ti ń tún un fi sí i ni sípíkà ti kú, iná ò sì tíì dé láti ọjọ́ ìṣáájú. Bàbá na ọwọ́ sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ cháàjì fóònù.

"Ẹ lọ fi sí iná kíá. Kí ẹ sì sọ fún onígìtá yín yẹn kó gbé tiẹ̀ wá."